Ojú Ọ̀sà, Ojú Wa: Bí A Ṣe Lè Wo Àwòrán Tí Kò Jọ Nǹkan Kan

Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin ọmọ ilé ìwé tí ẹ kún gbọ̀ngàn yìí ní Epe lọ́sàn-án Sátidé, ẹ kú ìjókòó o.

Bí a bá gbẹ́ ère ẹja sí ìkóríta ìlú yìí, kò sẹ́ni tó máa béèrè pé kí ni. Ọmọ ọdún mẹ́ta tí ìyá rẹ̀ pọ̀n kọjá á nàka sí i pé "ẹja!" Ṣùgbọ́n ẹ gbé àwòrán tó jẹ́ kìkì àwọ̀ pupa àti búlúù síwájú àwa àgbà, ohun tí a ó kọ́kọ́ wí ni pé, "Kí ni wọ́n yà síbẹ̀?" Bí a kò bá rí ẹja, igi tàbí ènìyàn, a ti ní kò nítumọ̀ nìyẹn. Ìbéèrè yẹn ni mo fẹ́ ká pààrọ̀ lónìí. Ẹ jẹ́ ká máa bi pé, "Kí ni ojú mi ń ṣe bí mo ti ń wò ó?"

Ẹ̀yin ọmọ ilé ìwé, wọ́n ti kọ́ yín pé ìfẹ́, ayọ̀ àti ọgbọ́n jẹ́ ọ̀rọ̀ orúkọ àfòyemọ̀. A kò lè fọwọ́ bà wọ́n, síbẹ̀ ta ló máa sọ pé ìfẹ́ kò sí? Iṣẹ́ ọnà àfòyemọ̀ náà rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo ìwé pélébé méjì tí mo lẹ̀ mọ́ pátákó yìí. Aláwọ̀ eérú ni méjèèjì. Ọ̀kan wà láàárín dúdú, èkejì wà láàárín funfun. Èwo ló mọ́lẹ̀ jù? Gbogbo yín ní ti àárín dúdú ni. Ó dáa. Mo yọ wọ́n, mo gbé ọ̀kan lé èkejì. Ẹ rí i? Ara ìwé kan ṣoṣo ni mo ti gé méjèèjì!

Ojú yín kò purọ́ o. Ojú kì í wọn ìmọ́lẹ̀ bí ẹni ń fi kóńgò wọn gàrí. Ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ nǹkan ló fi ń mọ nǹkan. Ìyá tó ń ta aṣọ mọ èyí dáadáa. Kó tó ta gèlè fún yín, á ní kí ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìró ná.

Josef Albers, ayàwòrán ọmọ Jámánì tó kó lọ sí Amẹ́ríkà ní 1933, kò kúrò lórí ọ̀rọ̀ yìí láti 1950 títí ó fi kú ní 1976. Onígun mẹ́rin nínú onígun mẹ́rin ló ń kùn, ó lé ní 1,000. Ó pè wọ́n ní ìbà fún onígun mẹ́rin. Pẹrẹsẹ ni pátákó tó kùn, ṣùgbọ́n bí ẹ bá tẹjú mọ́ ọn, àwọ̀ kan á sún sẹ́yìn bíi yàrá tó jìn, òmíràn á yọ sí yín.

Ẹ̀yin apẹja tí ẹ wà lẹ́yìn, ẹ mọ àárọ̀ ọyẹ́ lórí ọ̀sà. Omi funfun, òfúrufú funfun, ibi tí méjèèjì ti pàdé ti pòórá. Ọkọ̀ tó wà níwájú á dà bí èyí tó so rọ̀ sí afẹ́fẹ́. Mo bi bàbá kan bí wọ́n ṣe ń ṣe é nírú àárọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Ojú ò ríṣẹ́ ṣe mọ́ níbẹ̀. Ìró àjẹ̀ là ń tẹ̀ lé."

Irú àárọ̀ yẹn ni James Turrell, ọmọ Amẹ́ríkà tí wọ́n bí ní 1943, ń kọ́ sínú ilé. Ẹ̀kọ́ nípa bí ojú àti ọpọlọ ṣe ń ríran ló kọ́ ní yunifásítì. Yàrá tí kò ní igun tó hàn, tí ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ kún bámúbámú, ni yóò ní kí ẹ wọ̀. Ẹ kò ní mọ̀ bóyá ògiri súnmọ́ tàbí ó jìnnà. Ó tún máa ń dá òrùlé lu, kí ojú ọ̀run lè dà bí aṣọ tí wọ́n tẹ́ sójú ihò náà. Ẹni tó gbé nínú agbo ilé àtijọ́, tí òrùlé yí àgbàlá ká, ti dùbúlẹ̀ sórí ẹní wo irú ojú ọ̀run bẹ́ẹ̀ rí. Ó dùn mí gan-an pé páànù la fi ń bo àwọn àgbàlá náà báyìí.

El Anatsui, ọmọ Ghana tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ni ní yunifásítì Nsukka ní 1975, fi ìdérí ìgò ọtí àti wáyà bàbà ṣe iṣẹ́ ọnà tirẹ̀. Nínú iṣẹ́ tó gbé kọ́ sí Tate Modern, ilé àfihàn iṣẹ́ ọnà ní London, ní 2023, àwọn ẹ̀yà kan so rọ̀ káàkiri bí ènìyàn tó tú ká. Ibì kan wà tí ẹ ó dúró sí tí gbogbo wọn á pa pọ̀ di òbìrí kan, bí ayé. Ẹ ṣí ẹsẹ̀ kúrò níbẹ̀, ó ti tú.

Ọmọbìnrin kan wá bi mí pé: bí olúkúlùkù bá ń rí tirẹ̀, báwo la ṣe máa mọ èyí tó dára? Ìbéèrè àgbà ni. Èrò tèmi ni pé èyí tó dára kì í tán lójú ẹni, kódà lẹ́yìn tí a bá ti mọ ọgbọ́n tó wà nídìí rẹ̀. Mo ti dá ìwé méjèèjì padà sáyè wọn. Ẹ ti mọ̀ báyìí pé ìkan náà ni wọ́n. Ẹ tún wò wọ́n.