Iná Kẹ̀kẹ́ NAPEP Náà Dà?

TÓYÌN: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tó wà lẹ́yìn odi. Kubwa, l'Ábújá níbí, la wà. Èmi ni Tóyìn.

WÁNDÉ: Èmi Wándé rèé. Ẹ forí jìn wá fún ariwo jẹnẹrétọ̀ tí ẹ ń gbọ́ yẹn. Ti aládùúgbò wa ni. Àwa ti pa tiwa.

TÓYÌN: Ó kúkú bá ọ̀rọ̀ mu, ọ̀rọ̀ iná la fẹ́ sọ. Ẹ̀gbọ́n, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Kaduna fẹ́ lọ kọ́ ètò iná orí ìtàgé ní Ìlú Ọba. Wọ́n ti pè é fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò lórí fídíò, wọ́n ní kó to portfolio rẹ̀, ìyẹn àkójọ iṣẹ́ tó ti ṣe, sílẹ̀. Ó fi í ránṣẹ́ sí mi lánàá. Fọ́tò 60! Ìgbéyàwó, ìsọjí, iná tó ń yí gbirigbiri, èéfín...

WÁNDÉ: Fọ́tò 60 kẹ̀! Ṣé ó fẹ́ ta iná fún wọn ni? Eré mẹ́ta ti tó, mẹ́rin bó bá pọ̀. Kó wá tú ìdí wọn wò.

TÓYÌN: Báwo la ṣe ń tú ìdí iná?

WÁNDÉ: Wọ́n fẹ́ mọ ohun tó wà lọ́kàn ẹ̀ kó tó tan ẹyọ kan. Ìwé eré tó fi bírò kọ nǹkan sí létí, kó mú un wá. Àwòrán tó wò tó fi yan àwọ̀, bóyá bí ojú ọ̀run ṣe máa ń rí lẹ́yìn Àpáta Zuma nírọ̀lẹ́, kó mú un wá. Light plot ńkọ́? Àwòrán ìtàgé láti òkè nìyẹn, tó ń fi ibi tí iná kọ̀ọ̀kan rọ̀ sí hàn, àwọ̀ tó wà lójú ẹ̀ àti nọ́ńbà ẹ̀. Ó tún ku cue sheet: orí ọ̀rọ̀ wo ni iná ti yí padà, ìṣẹ́jú àáyá mélòó ló sì fi yí.

TÓYÌN: Kọ̀ǹpútà ẹ̀ ò lè gbé Vectorworks, ètò tí wọ́n fi ń ya irú àwòrán yẹn, o.

WÁNDÉ: Kó fi rúlà àti pẹ́ńsù yà á ní 1:50, sẹ̀ǹtímítà kan fún ìdajì mítà. Kó ṣáà ti mọ́. Fọ́tò fóònù gan-an ló ń bí mi nínú. Iná halogen pọ́n díẹ̀, 3200 Kelvin ni, òṣùwọ̀n àwọ̀ iná nìyẹn. Fóònù á rí i, á ní ìdọ̀tí ni, á fọ̀ ọ́ di funfun. Kó fọwọ́ ara ẹ̀ gbé white balance, ibi tí wọ́n ti ń sọ àwọ̀ iná fún kámẹ́rà, sí 3200, kó sì tẹ ojú òṣèré lórí fóònù kí ojú náà má bàa di ẹfun.

TÓYÌN: Òun náà ti ní ojú wọn dà bíi ti egbére.

WÁNDÉ: Jẹ́ n sọ ti Zaria fún ọ. ABU, Yunifásítì Ahmadu Bello, ní ibùdó ìṣeré kan, Drama Village, amọ̀ ni wọ́n fi mọ ọ́n bí ilé Hausa. Mo fi búlúù bojú iná níbẹ̀, mo ní òṣùpá ló ń bọ̀. Ògiri pupa kì í dá búlúù padà, ó gbé e mì pátá. Àmọ́ ọyẹ́ ń jà lọ́jọ́ náà, eruku kún afẹ́fẹ́, ìtànṣán iná wá dúró gbọnrangandan bí òpó. Àwọn mìíràn ń fowó ra ẹ̀rọ èéfín, Sàhárà ń fún wa lọ́fẹ̀ẹ́! Mo gbójú kúrò lára ògiri, mo ń fi òpó iná yẹn ṣeré. Ohun tó yẹ kó wà nínú portfolio nìyẹn.

TÓYÌN: Hẹn-ẹn. Àṣé ohun tó fi pa mọ́ ló yẹ kó mú jáde. Iná lọ mọ́ wọn lọ́wọ́ láàárín eré níléèwé kan. Ó sáré pe oníkẹ̀kẹ́ NAPEP kan, ó ní kó kọjú iná kẹ̀kẹ́ wọ ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn. Òjìji ọba gun ògiri títí dé àjà.

WÁNDÉ: Tóyìn! Òun ló wá ń fi ìsọjí ránṣẹ́?

TÓYÌN: Ojú ń tì í. Fọ́tò kan ṣoṣo ló wà, ó sì ṣú.

WÁNDÉ: Kó yà á láti òkè, kó fi ibi tí kẹ̀kẹ́ dúró hàn. Stanley McCandless tó kọ́ni ní ètò iná ìtàgé ní Yunifásítì Yale l'Amẹ́ríkà ti là á sílẹ̀ láti 1932: iná méjì níwájú, 45 dígírì lápá ọ̀tún àti òsì, kí ọ̀kan gbóná lójú, kí èkejì tutù. Ẹyọ kan, nílẹ̀, láti ẹ̀gbẹ́, ni ọmọ yìí lò. Kó mọ òfin tó rú, kó sì lè sọ ìdí tó fi dára. Apá ibo ni kẹ̀kẹ́ náà wà?

TÓYÌN: Mi ò mọ̀. Ẹ jẹ́ n pè é... Àlòó? Ẹ̀gbọ́n Wándé ní apá ibo ni kẹ̀kẹ́ ọjọ́sí wà... Ẹn-ẹ́n... Ó ní apá ọ̀tún ni. Ó tún ní oníkẹ̀kẹ́ náà ṣì ń bi òun léèrè owó bátìrì ẹ̀ tó kú.