Ta ló bá ẹ ṣe é?

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Èmi nìkan ni mo wà ńbí lónìí, kò sí àlejò, torí ọ̀rọ̀ yìí ò kúrò lọ́kàn mi láti Túsìdeè.

Ẹ kúkú mọ irin ìdíkòkò mi. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: nílé n'Íbàdàn, ẹsẹ̀ méjèèjì ni màmá mi fi ń ti ìkòkò mọ́lẹ̀ tó bá ń ro àmàlà, ṣùgbọ́n ní London níbí kúkà ga dé ìbàdí, gíláàsì lojú ẹ̀, o ní kóo fi omorogùn kan báyìí, ìkòkò ti sá lọ. Mo wá ṣe irin tó ń dì í mú. Túsìdeè yẹn ni mo gbé e lọ fi han ilé iṣẹ́ ńlá kan. Bí mo ṣe dé ọ̀dọ̀ wọn, ẹ jẹ́ ká fìyẹn sílẹ̀, ímeèlì lásán ni.

Mo gbé irin sórí tábìlì. Èlùbọ́ ṣì wà lẹ́nu skúrù ẹ̀. Ọkùnrin kan gbé e, ó yí i síwá sẹ́yìn, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ó dáa o. Ta ló bá ẹ ṣe é?" Mo ní èmi ni. Ó ní rárá, ẹnjiníà ẹ lòun ń bèèrè.

Ẹ gbọ́, ìka òsì mi wà lórí tábìlì yẹn níwájú ẹ̀, pẹ̀lú àpá ibi tí ayùn irin gé mi nígbà tí mò ń ṣe irin yìí lẹ́ẹ̀kẹta. Ìkẹfà ló gbé lọ́wọ́ yẹn! Mi ò lè sọ̀rọ̀ mọ́.

Ẹlòmíì nínú wọn tiẹ̀ bi mí bóyá mímu ni àmàlà, haa! Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, òun náà ń rẹ́rìn-ín. Ìyẹn ò dùn mí rárá, kò mọ̀ ọ́n ni, ó sì bèèrè. Ọkùnrin àkọ́kọ́ yẹn ò bèèrè, ó ti dáhùn fúnra ẹ̀ kó tó lanu.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan ń sọ níbẹ̀ pé, "Àǹtí, ìbéèrè lásán mà ni." Rárá o. Ẹ wo Robert Kearns ní Detroit, òun ló ṣe wáípà mọ́tò tó máa ń gbá òjò, á sinmi díẹ̀, á tún gbá. Ó fi han Ford ní 1963, wọn ò gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, wọ́n wá ń lò ó láìsí òun ńbẹ̀. Ó pè wọ́n lẹ́jọ́ ní 1978, ọdún 1990 ni wọ́n tó san 10.2 mílíọ̀nù dọ́là fún un. Ọdún méjìlá! Kí wọ́n ṣáà gbà pé òun ló ṣe é ló ń jà fún, èmi náà ìyẹn ni mò ń jà fún, torí ẹni tí wọn ò bá gbà pé ó ṣe nǹkan, kí ni wọ́n fẹ́ sanwó fún?

Ẹlòmíì á ní ṣé mi ò mú kí wọ́n fọwọ́ síwèé pé wọn ò ní jí i ni? Ẹ̀gbọ́n, àwọn ilé iṣẹ́ ńlá kì í sáábà fọwọ́ sírú ẹ̀, wọ́n á ní bóyá àwọn èèyàn tiwọn náà ti ń ṣe nǹkan tó jọ ọ́. Ohun tó ń dáàbò boni ni kóo ti fi ìwé pátẹ́ǹtì sílẹ̀, ìyẹn ìwé ẹ̀tọ́ ẹni tó ṣe nǹkan tuntun, kóo tó fi han ẹnikẹ́ni. Amẹ́ríkà ń fúnni lọ́dún kan lẹ́yìn tóo bá fi hàn láti fi í sílẹ̀, níbí, o fi hàn ní gbangba ṣáájú, ó parí. Tèmi ti wà ní ọ́fíìsì pátẹ́ǹtì ní Newport kí n tó wọ ọkọ̀ ojú irin.

Tọ́sìdeè ni mò ń lọ ibòmíì. Mi ò ní gbé irin nìkan dání mọ́, mò ń gbé ìkòkò lọ àti kúkà oníná kékeré, èmi ni màá ro ó lójú wọn. Ẹ bá mi wò ó, ṣé kílò èlùbọ́ kan á tó èèyàn mẹ́fà?