Ìkúnlẹ̀ Lójú Fóònù Òòró

Ẹ káàsán o. Kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé fóònù yín dání ní òòró, kí ẹ fi ya èèyàn méjì tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Èjìká gé lọ́tùn-ún, ó gé lósì, àbí? Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi wà.

Àwọn ará Ṣáínà tó ń ṣe eré kéékèèké orí fóònù òòró tí wọ́n ń pè ní duanju mọ èyí ju àwa olùkọ́ lọ. Apá kan kì í sábà ju ìṣẹ́jú 1 sí 2 lọ, odindi eré lè tó 80 apá. Nínú àwọn kan, ìbẹ̀rẹ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́. Tó bá ti wọ̀ yín lára tán, ẹ ó sanwó. Ní Hengdian, níbi tí wọ́n ti ń ya fíìmù ní ìpínlẹ̀ Zhejiang, iṣẹ́ yìí pọ̀ débi pé wọ́n fi orúkọ ìlú ṣe yẹ̀yẹ́: "heng" ni ìbú, wọ́n wá sọ ọ́ di "Shudian", torí "shu" ni òòró.

Bí èèyàn méjì kò bá gba ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ọ̀kan á wà lókè, èkejì á wà nísàlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àtẹ̀gùn fi pọ̀ nínú eré wọ̀nyí. Ìyá ọkọ dúró lórí àtẹ̀gùn, ìyàwó kúnlẹ̀ nísàlẹ̀, ó ń nu ilẹ̀. Bàtà ìyá ọkọ rèé, irun ìyàwó rèé, kò sí nǹkan láàárín wọn àfi ife wáìnì tó ti ń tẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò tíì lanu, ẹ ti mọ ẹni tí wọ́n ń jẹ níyà. Tó bá yá, ilẹ̀kùn á ṣí, àwọn ọkùnrin oníkóòtù dúdú á tò wọlé, wọ́n á tẹríba fún ìyàwó yìí kan náà. Kámẹ́rà á sọ̀kalẹ̀, á máa wò ó látìsàlẹ̀ bí ẹni ń wo igi àràbà. Ìyá ọkọ á lọ sórí orúnkún. Agbára ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì.

Àwọn kan ní owó ni eré wọ̀nyí ń sọ. Mo ti bá wọn jà rí, mo ṣì máa jà. Fóònù kò mọ owó yà, gíga ló mọ̀ ọ́n yà. Àwọn ará Amẹ́ríkà tó ṣí Quibi, ilé iṣẹ́ eré kéékèèké orí fóònù, ní 2020 kó owó tó ju bílíọ̀nù kan dọ́là lọ jọ, wọ́n ní kí òǹwòran yí fóònù síbi tó bá wù ú. Ọdún náà kò parí tí wọ́n fi kógbá sílé. Owó wà, ìdúró ni kò sí. (Ẹ̀rín.)

Wọ́n ti ń na aago sí mi. Ìgbátí inú eré wọ̀nyí: dídún rẹ̀ ló níṣẹ́, kì í ṣe ọwọ́. Káàdì báńkì dúdú: òǹtẹ̀ ọba ni. Ìjọba Ṣáínà kìlọ̀ ní 2024 pé kí wọ́n dín ìtàn ọ̀gá olówó kù. Ó tán.

Màmá kan nàwọ́ lẹ́yìn: "Olùkọ́, ẹ kú iṣẹ́. Nílé tèmi, ọmọbìnrin tí kò bá kúnlẹ̀ kí mi, èmi àti ẹ̀ la jọ máa ṣe é. Ṣé ìyà ni mo fi ń jẹ ẹ́?"

Gbọ̀ngàn dàrú.

Ẹ ṣé, mà. Ẹ ti ba ìwé mi jẹ́. Ní Ṣáínà náà, tọkọtaya lè kúnlẹ̀ gbé tíì fún òbí lọ́jọ́ ìgbéyàwó, kò sẹ́ni tó ń sunkún àbùkù. Mo ṣì í sọ nígbà náà. Ohun tó ń dun òǹwòran ni pé ẹni tí kò tọ́ sí ló ń gba ìkúnlẹ̀. Bàbá olówó tí ọmọ rẹ̀ sọnù láti kékeré, tó wá yọ níparí, ọmọ náà lè kúnlẹ̀ fún un, inú wa á sì dùn.

Màmá ní ìdọ̀bálẹ̀ ńkọ́. Ẹni tó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ìbú ló wà, kò lè wọ fóònù òòró látẹ̀gbẹ́. Àfi kí kámẹ́rà lọ dúró síbi tí àgbà tí wọ́n ń kí dúró sí. Òǹwòran fúnra rẹ̀ ni wọ́n á wá máa dọ̀bálẹ̀ fún.