Ta Ló Ṣe Áyọ́ọ̀nù Yìí? Ọ̀rọ̀ Tí Mo Bá Àwọn Oníṣẹ́ Rédíò Sọ ní Ìbàrà

Ẹ̀yin tí ẹ ò ráàyè wá sí Ìbàrà, l'Abẹ́òkúta níbí, lọ́jọ́ Sátidé, tí ẹ wá ń pè mí láti àná pé kí n kọ ọ́ síbì kan kẹ́ ẹ rí i kà, òun nìyí o. Mi ò kọ ọ́ bí ìwé, bí mo ṣe sọ ọ́ lẹ́nu náà ni mo ṣe tẹ̀ ẹ́, ibi tó bá gùn jù kẹ́ ẹ mí díẹ̀ kẹ́ ẹ tó máa lọ. Áyọ́ọ̀nù tí mò ń wí kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ń lọ aṣọ, sódárìn áyọ́ọ̀nù ni, èyí tí àwa tá a ń tún rédíò ṣe fi ń yọ́ lẹ́ẹ̀dì.

Mo ti kó ọ̀rọ̀ sínú fóònù tẹ́lẹ̀, mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ látorí bí iná mànàmáná ṣe dé, àmọ́ màmá kan láti Ìjàyè tú gbogbo ẹ̀ ká. Wọ́n wọlé tàwọn tọmọ wọn ọkùnrin, wọ́n tú nǹkan kan jáde látinú bébà àpò sìmẹ́ńtì, wọ́n gbé e síwájú mi kí n tó kí àwọn èèyàn tán. Áyọ́ọ̀nù ni. Èèkù ẹ̀ igi, ọ̀pá irin dúdú níwájú, bàbà lẹ́nu, wáyà tí wọ́n fi aṣọ hun ara ẹ̀. Màmá ní ọkọ àwọn tó ti di olóògbé ló ni ín, ó fi ṣiṣẹ́ ní Lafẹ́nwá nígbà ayé ọkọ̀ ojú irin, àwọn fẹ́ mọ ẹni tó ṣe é káwọn tó fà á lé ọmọ-ọmọ àwọn lọ́wọ́. Ọmọ wọn dá wọn lóhùn níṣojú gbogbo wa, ó ní, "Màámi, mo ṣáà ti sọ fún yín, MK ló ṣe é, wọ́n kọ ọ́ sí i lára níbí."

Mo bá ti fóònù bọ àpò.

MK tí bọ̀dá yẹn rí, ara púlọ́ọ̀gì ló wà. MK jẹ́ ilé iṣẹ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣe púlọ́ọ̀gì àti sọ́kẹ́ẹ̀tì, kò mọ nǹkan kan nípa áyọ́ọ̀nù màmá. Ẹ jẹ́ ká rò ó wò ná. Áyọ́ọ̀nù tó bá ti pẹ́ nílẹ̀ wa, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ róbótó ló kọ́kọ́ ní, ìgbà tí ẹlẹ́sẹ̀ pẹrẹsẹ mẹ́ta tí gbogbo wa mọ̀ yìí dé, èyí táwọn Gẹ̀ẹ́sì gbé ìlànà ẹ̀ jáde ní 1947, wọ́n á gé ti àkọ́kọ́ dànù. Wáyà ńkọ́, iná á ti jó o níbì kan, wọ́n á ti pààrọ̀ ẹ̀. Bíìtì, ìyẹn bàbà ẹnu ẹ̀, ńkọ́, lẹ́ẹ̀dì gbígbóná máa ń jẹ bàbà díẹ̀díẹ̀ bí ìgbà tí eku bá ń jẹ ọṣẹ, kì í tọ́jọ́. Èèkù á ti là, káfíńtà àdúgbò á ti gbẹ́ òmíì. Ohun tí ẹnikẹ́ni kì í sáábà pààrọ̀ ni ọ̀pá irin tó bo ẹ̀rọ ìgbóná inú lọ́hùn-ún, àti ibi tí ọ̀pá yẹn ti wọ inú èèkù. Ibẹ̀ ni kí ojú yín kọ́kọ́ lọ. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ ọmọ ẹni tẹ́nì kan ń ṣe, ẹ kì í bi fìlà orí ẹ̀ léèrè.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fọ̀ ọ́. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ yìí ti dẹ́ṣẹ̀ ẹ̀ rí. Nígbà tí mo ṣì ń kọ́ṣẹ́, mo ra ọ̀kan lọ́wọ́ alálòkù lọ́jà Lafẹ́nwá, ìpẹtà ti bò ó, mo bá fi sáńpépà fá a láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ títí tó fi ń dán bíi ṣíbí ìyàwó, mo gbé e lọ bá ọ̀gá mi kí wọ́n lè yìn mí. Ọ̀gá mi yí i síbí, wọ́n yí i sọ́hùn-ún, wọ́n ní, "Orúkọ ara ẹ̀ dà?" Lẹ́tà méjì péré ló ṣẹ́ kù, D àti R, mo ti fá ìyókù jẹ. Ẹ fi D àti R yẹn sọ́kàn, a ṣì ń padà bọ̀ wá bá a. Títí dòní mo mọ ìlú tí áyọ́ọ̀nù yẹn ti wá, mi ò mọ bàbá tó bí i.

Bí wọ́n ṣe ń kà á nìyí. Ẹ kàn fi aṣọ gbígbẹ nu eruku kúrò. Ẹ pa iná yàrá, ẹ wá gbé tọ́ọ̀ṣì fóònù sí ẹ̀gbẹ́, kó dùbúlẹ̀, kí ìmọ́lẹ̀ máa gba ara irin kọjá dípò kó bọ́ lé e lórí, òjìji á bọ́ sínú gbogbo ibi tí wọ́n bá ti tẹ lẹ́tà. Tí kò bá tíì ṣe kedere, ẹ da páúdà ọmọdé díẹ̀ sí i, ẹ fi ìka nù ún fẹ́ẹ́rẹ́, páúdà á dúró sínú lẹ́tà. Ẹ yà á ní fọ́tò kẹ́ ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíì. Mo ṣe é sí ti màmá níbẹ̀ lójú gbogbo èèyàn, tábìlì fẹ́rẹ̀ẹ́ dojú dé torí bí wọ́n ṣe rọ́ wá. Lákọ̀ọ́kọ́ a rí "LON". Lábẹ́ ẹ̀, "230/250 V", lẹ́yìn náà "65 W". Nísàlẹ̀ pátápátá, "ENGL".

Bọ̀dá MK ní, "Ẹ ò rí i, London ni!" Mo ní ó dáa, àmọ́ ẹ wo ẹ̀yìn N, irin ibẹ̀ mọ́ tónítóní, wọn ò kọ nǹkan kan síbẹ̀ rí, ẹ wá wo iwájú L, ikùn lẹ́tà kan ló wà níbẹ̀ tó yí bíi ẹyin. Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ ná.

Fólítì yẹn, ìyẹn 230/250 V tá a rí, tó ń sọ agbára iná tí wọ́n ṣe é fún, ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fojú sí, torí èmi fẹ́ràn ẹ̀ ju orúkọ lọ. Orúkọ lè parẹ́, alálòkù lè fi orúkọ purọ́, àmọ́ fólítì kì í purọ́ nípa ibi tí wọ́n fẹ́ ti ta ọjà. Ìlú Gẹ̀ẹ́sì láyé ìgbà yẹn, láàárín 200 sí 250 ni. Jámánì, 220. Amẹ́ríkà, 110 sí 120. Tiwa níbí, torí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló ń ṣàkóso wa títí di 1960, tiwọn náà la jogún, 230 la sì ń lò dòní.

Tí nọ́ńbà bá wá ti parẹ́ ńkọ́? Ẹ gbé mítà, ẹ yọ áyọ́ọ̀nù kúrò nínú iná, ẹ wọn ẹsẹ̀ púlọ́ọ̀gì méjèèjì tí iná ń gbà, ẹ ka òmù, ìyẹn bí wáyà inú ẹ̀ ṣe ń dí iná lọ́nà tó. Fólítì lọ́nà fólítì, ẹ fi òmù pín in, wọ́ọ̀tì, ìyẹn bí iná tó ń jẹ ṣe pọ̀ tó, ló máa fún yín. Ká ní mítà kà 144. Tẹ́ ẹ bá sọ pé ti 240 ni, 240 lọ́nà 240 jẹ́ 57,600, ẹ fi 144 pín in, 400 wọ́ọ̀tì! Áyọ́ọ̀nù kékeré tó dà bíi bírò, ibo ni yóò ti rí 400 wọ́ọ̀tì gbé? Ẹ wá fi 120 dán an wò, 14,400, ẹ pín in, 100 wọ́ọ̀tì géérégé. Ọmọ Amẹ́ríkà nìyẹn, kò sí àríyànjiyàn. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi tá a jọ kọ́ṣẹ́ ò mọ èyí nígbà yẹn, a ki irú ẹ̀ bọ iná 230, ìyẹn 367 wọ́ọ̀tì nínú nǹkan tí wọ́n ṣe fún 100, inú wa ń dùn pé ó yá gbóná, ká tó ṣẹ́jú èéfín ti gba sọ́ọ̀bù, a pàdánù áyọ́ọ̀nù, a sì jẹ èébú ọ̀gá.

Tó bá jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà, orúkọ kan tẹ́ ẹ lè bá pàdé ni American Beauty, ti American Electrical Heater Company ní Detroit, wọ́n ti wà láti 1894. Èyí tó dà bí ìbọn, tẹ́ ẹ máa fa tírígà ẹ̀, Carl Weller ló kọ́kọ́ ronú irú ẹ̀, ó kọ̀wé béèrè ẹ̀tọ́ lórí ẹ̀ ní 1941, wọ́n fún un ní 1946. Tiransifọ́mà ló wà nínú ìyẹn, torí náà ẹ má fi mítà wá wọ́ọ̀tì ẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀, ó máa ṣì yín lọ́nà.

Ẹ jẹ́ n padà sórí D àti R mi. Tẹ́ ẹ bá rí D.R.P. tàbí D.R.G.M. lára irin, Jámánì ni, D.R. yẹn ni Deutsches Reich, orúkọ tí ìjọba wọn ń jẹ́ láyé ìgbà yẹn, òun ló fọwọ́ sí i pé ẹnì kan ló ni ọgbọ́n tàbí àrà tó wà nínú ẹ̀. D.R.G.M. bẹ̀rẹ̀ ní 1891, ìjọba tó ń jẹ́ orúkọ yẹn sì dópin ní 1945, ẹ ti rí i pé tìrẹ kì í ṣe ọmọ àná. Àmọ́ kì í ṣe orúkọ ilé iṣẹ́ o! Àìmọye èèyàn ló ń ta ọjà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń kọ "áyọ́ọ̀nù DRGM" bí ẹni pé bàbá kan ń jẹ́ DRGM. Tí West Germany bá wà lára ẹ̀, ìyẹn bọ́ sáàárín 1949 sí 1990. Orúkọ kan tó gbajúmọ̀ níbẹ̀ ni ERSA, Ernst Sachs ló dá a sílẹ̀ ní 1921, lẹ́tà méjì láti orúkọ àkọ́kọ́, méjì láti ìkejì, òun ló di ERSA. Bóyá òun ni mo fi sáńpépà fá jẹ, mi ò fẹ́ máa rò ó.

Nọ́ńbà páténtì, ìyẹn nọ́ńbà ìwé ẹ̀tọ́ tí ìjọba ń fún ẹni tó ronú nǹkan tuntun, òun náà wúlò gan-an, ti Amẹ́ríkà ló sì rọrùn jù láti kà. Wọ́n dé mílíọ̀nù kan ní 1911, mílíọ̀nù méjì ní 1935, mẹ́ta ní 1961, mẹ́rin ní 1976. Tí nọ́ńbà tẹ́ ẹ rí bá ti fi 2 bẹ̀rẹ̀ tó sì jẹ́ ẹyọ nọ́ńbà méje, ẹ ti mọ̀ pé wọn ò lè ti ṣe é ṣáájú 1935. Ẹ tẹ nọ́ńbà yẹn sí Google Patents, ó sábà máa ń gbé àwòrán áyọ́ọ̀nù yẹn àti orúkọ ẹni tó ni ín jáde. Ibi tí mo ti ń bá àwọn èèyàn jà ni pé wọ́n á ní páténtì 1946, torí náà 1946 ni wọ́n rọ ọ́. Rárá o. Ilé iṣẹ́ lè máa tẹ nọ́ńbà kan náà sára ọjà fún ọdún mẹ́wàá, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ọjọ́ tí wọn ò lè ti ṣe é ṣáájú ló ń sọ fún yín, kò sọ ọjọ́ tí wọ́n ṣe é.

Àwọ̀ wáyà náà ń sọ̀rọ̀, tó bá ti dá yín lójú pé wáyà àkọ́kọ́ ni. Pupa, dúdú àti àwọ̀ ewé ni ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì tẹ́lẹ̀, nígbà tó di nǹkan bíi 1970 ni wọ́n yí ti ohun èlò sí búráùn, búlúù, àti àwọ̀ ewé tó ní ìlà yẹ́lò. Mo tú ìdí púlọ́ọ̀gì màmá, pupa, dúdú, àwọ̀ ewé ló wà níbẹ̀, irin tó há wáyà mọ́ èèkù sì ti dípẹtà mọ́ ọn tipẹ́, ọwọ́ kan ò kàn án rí. Ibẹ̀ ni mo dúró, mi ò tú ọ̀pá irin. Ẹ má tú u o, nínú àwọn ti àtijọ́, wọ́n máa ń fi asbestos, òwú inú òkúta tí iná kì í jó, dí inú wọn tàbí kí wọ́n fi wé wáyà ibẹ̀, ẹ ò gbọ́dọ̀ fá a, ẹ ò gbọ́dọ̀ fẹ́ eruku ẹ̀, ẹ̀dọ̀fóró yín ló máa san gbèsè ẹ̀.

Ọmọkùnrin kan láti Pánsẹ̀kẹ̀ béèrè ìbéèrè tó dùn mọ́ mi, ó ní tí kò bá sí wáyà lára ẹ̀ rárá ńkọ́, tó kàn jẹ́ bàbà ńlá kan lórí ọ̀pá irin. Mo ní inú iná èédú nìyẹn ń sùn kó tó ṣiṣẹ́, irú èyí táwọn tó ń fi agolo ṣe àtùpà ń lò. Ẹ wo orí bàbà ẹ̀, táwọn òyìnbó bá ṣe é, wọ́n lè tẹ orúkọ tàbí ìwọ̀n ẹ̀ síbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí ojú òòlù lára ọ̀pá, tí bó ṣe nípọn tó ò dọ́gba, tí èèkù ẹ̀ kàn jẹ́ igi tí wọ́n fi ọ̀bẹ ṣá, ẹ yé wá ilé iṣẹ́ òyìnbó kiri. Alágbẹ̀dẹ wa ló rọ ọ́. Èmi ò gbà pé ìyẹn kéré sí ti Detroit, kàn jẹ́ pé alágbẹ̀dẹ wa kì í kọ orúkọ sára iṣẹ́ ẹ̀.

Ká wá yanjú ti màmá. Mo gbé mítà lé e, 880 òmù. Ẹ fi 880 pín 57,600, ìyẹn 240 lọ́nà 240, 65 wọ́ọ̀tì àti díẹ̀, ó bá ohun tí wọ́n tẹ̀ sára ẹ̀ mu, ẹ̀rọ ìgbóná inú ẹ̀ ṣì wà láàyè. Ìlú Gẹ̀ẹ́sì, 65 wọ́ọ̀tì, lẹ́tà yíyí kan ṣáájú LON. Mo tún da páúdà sí i, mo gbé tọ́ọ̀ṣì sí apá kejì, S yọ díẹ̀, bí ejò tó ń wọ ihò. SOLON. Solon ni áyọ́ọ̀nù tí W. T. Henley's Telegraph Works ń ṣe, àwọn kan náà tó ń ṣe kébù, wọ́n ń polówó ẹ̀ nígbà kan nínú ìwé ìròyìn àwọn oníṣẹ́ rédíò nílùú Gẹ̀ẹ́sì, 65 wọ́ọ̀tì sì wà nínú èyí tí wọ́n ń tà.

Màmá pe orúkọ náà lẹ́ẹ̀mejì, "Sólóònù, Sólóònù," wọ́n wá ní ṣé ó ṣì lè gbóná. Mo ní ó lè gbóná o, àmọ́ wọn ò gbọ́dọ̀ kì í bọ iná báyìí, rọ́bà inú wáyà ti gbẹ, ó ń ya bí àkàrà àná, kí wọ́n wá wáyà onímẹ́ta tuntun fún un. Wọ́n ní kí n gé ti àtijọ́ kúrò kí ọmọdé má lọ kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Mo gé e. Wọ́n fi bébà sìmẹ́ńtì wé áyọ́ọ̀nù wọn, wọ́n sì lọ. MK bọ̀dá yẹn ṣì wà lórí tábìlì mi, kó wá gbé e.