Bí Mo Ṣe Ń Fi Ìgò Ọmọ Dán Bẹntiróòlù Wò

Ṣé ó ti ń gbà á sílẹ̀? Ó dáa. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ má wo ariwo ẹ̀yìn mi, Apo mechanic village ní Abuja la wà, àwọn panẹ́ẹ̀lì-bítà ò níí sinmi nítorí tiwa.

Lónìí, a fẹ́ mọ bí ẹtanọ́ọ̀lù, ìyẹn ọtí tí wọ́n ń pò mọ́ bẹntiróòlù, ṣe pọ̀ tó nínú epo wa. Ẹ wá ìgò tí wọ́n fi ń fún ọmọ ní mílíìkì, èyí tó ní nọ́ńbà lára. Ti gíláàsì ni o, epo máa ń ba ike míì jẹ́. Ẹ ra tiyín lọ́jà. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ti ilé ni mo mú. Ìyàwó mi ò tíì gbàgbé.

Ẹ bu omi sí i dé 50. Ọgbọ́n mi rèé: mo máa ń kán zobo tí kò ní ṣúgà sí i. Zobo á pa omi láró, kò ní ran epo, ojú yín á rí ààlà wọn kedere. Ẹ wá da bẹntiróòlù lé e títí á fi dé 150. Ẹ dé e, ẹ gbọ̀n ọ́n dáadáa, kí ẹ sì máa rọra tú ìdérí díẹ̀díẹ̀ kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, kó má baà tú sí yín lójú. Ẹni tó ń mu sìgá, kó dúró lọ́hùn-ún jàre. Ẹ gbé e kalẹ̀ fún bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Kó tó tòrò, ẹnì kan bèèrè pé ibo lòun ti lè rí epo tí octane rẹ̀ ga kí mọ́tò òun lè lágbára sí i. Ẹ̀gbọ́n, octane kì í ṣe agbára! Ohun tó ń sọ ni bí epo ṣe lè fara dà á tó nígbà tí ẹ́ńjìnì bá fún un pọ̀, kó má gbiná fúnra rẹ̀ kí púlọ́ọ̀gì tó ta iná. Bó bá gbiná láìtásìkò, ẹ ó gbọ́ ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́ tí ẹ bá ń gun òkè pẹ̀lú ẹrù. Ìyẹn kọ́ ni nọ́ọ̀kì tí àwa ń pè ní ẹ́ńjìnì kú o, àmọ́ tó bá pẹ́, ibẹ̀ ló ń lọ. Ẹ ṣí ibi tí ẹ ti ń rọ epo, ẹ ka nọ́ńbà octane tó wà níbẹ̀. Tí tòkunbọ̀ Amẹ́ríkà bá ní 87, ẹ fọkàn balẹ̀: òǹkà wọn yàtọ̀, 87 tiwọn sún mọ́ 91 ti Yúróòpù. Mọ́tò tó ní 87, tí ẹ wá ń wá epo olówó gọbọi fún, owó lẹ̀ ń jó.

Oníbàárà kan gbé Chevrolet wá, ìdérí táǹkì rẹ̀ jẹ́ yẹ́lò, wọ́n kọ E85 sí i. Ó ní wọ́n sọ fóun pé kò lè mu epo wa. Ta ló sọ ọ́? Ó lè mu èyí tí ẹtanọ́ọ̀lù inú rẹ̀ tó 85 nínú 100, ó sì ń mu bẹntiróòlù lásán. Ẹni tó ń jẹ tùwó ò ní kóun má jẹ àmàlà. Mọ́tò tí kì í ṣe irú rẹ̀ ni ẹ ò gbọ́dọ̀ fún ní E85, torí wọn ò ṣe ẹ́ńjìnì àti páìpù epo rẹ̀ fún ẹtanọ́ọ̀lù tó pọ̀ bẹ́ẹ̀; agbára inú ẹtanọ́ọ̀lù sì fi bí ìdá kan nínú mẹ́ta kéré sí ti bẹntiróòlù.

Ó yá, ẹ wò ó! Pupa yìí ti kúrò ní 50, ó ti dé nǹkan bí 58. Omi ti fa ọtí inú epo mọ́ra: bíi 8 nínú 100. Inú jálíkéènì ẹ̀bá títì lọmọ iṣẹ́ mi ti rà á. Mọ́tò òde òní tí kì í ṣe ti E85 lè fara da ẹtanọ́ọ̀lù tó 10 nínú 100. Tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ má sítáàtì, ẹ fà á jáde. Ìgò yìí ò mọ ẹtanọ́ọ̀lù yàtọ̀ sí mẹ́tanọ́ọ̀lù, ọtí míì tó jẹ́ májèlé o. Ẹ rántí February 2022, tí epo tí mẹ́tanọ́ọ̀lù pọ̀ jù nínú rẹ̀ wọ̀lú? Mo tú táǹkì títí ọwọ́ mi fi bó. Gbogbo àwọn tó gbé mọ́tò wọn wá ló sì fi imú gbọ́ òórùn epo náà kí wọ́n tó rà á! Imú kì í dán epo wò, mo ti ń sọ ọ́ tipẹ́.

Ẹni tó ń bèèrè bóyá òun lè fi ògógóró ṣe epo mọ́tò: rárá, omi pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ mu ún, ẹ má rọ ọ́ sí mọ́tò.

Ẹ má da ti inú ìgò yìí padà sí táǹkì o. Ẹ ẹ̀ gbọ́ hóòn yẹn? Oníbàárà mi ni, mo ń bọ̀.