Shane Warne àti bọ́ọ̀lù tó ń pòòyì: ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn ọ̀dọ́ ajubọ́ọ̀lù Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ̀yin olùkọ́ eré ìdárayá, ẹ̀yin òbí, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń kọ́ kíríkẹ́ẹ̀tì, ẹ kú ìjókòó. Shane Warne ni ọ̀rọ̀ wa dá lé, ọmọ Ọsirélíà tó gba wíkẹ́ẹ̀tì 708, ìyẹn ni pé ó lé oníbáàtì jáde ní ìgbà 708, nínú ìdíje Test 145, ìdíje ọlọ́jọ́ márùn-ún láàrin orílẹ̀-èdè méjì. Àwọn èèyàn máa ń sọ pé onírúurú idán ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. A kò bá wọn sọ bẹ́ẹ̀. Bọ́ọ̀lù kan ló mọ̀ ju gbogbo ìyókù lọ, ìyẹn leg-break, bọ́ọ̀lù tó ń pòòyì tó sì ń ṣẹ́rí sí òsì ajubọ́ọ̀lù nígbà tó bá balẹ̀, ó sì mọ̀ ọ́n débi pé ó lè jù ú sí ojú kan náà láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ohun kejì ni pé ó rí balógun ikọ̀ tó fún un láyè nígbà tí wọ́n ń nà án. Ká ní ọ̀kan nínú méjèèjì yẹ̀, a kì bá tí gbọ́ orúkọ rẹ̀ rárá.

Ọjọ́ 13 oṣù kẹsàn-án ọdún 1969 ni wọ́n bí i, ní Upper Ferntree Gully, lẹ́bàá Melbourne. Bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá irú ti Ọsirélíà ló kọ́kọ́ wù ú. Nígbà tí ẹgbẹ́ St Kilda yọ orúkọ rẹ̀ kúrò ní 1988, ó gbájú mọ́ kíríkẹ́ẹ̀tì. Ní 1990 ó wọ ilé ẹ̀kọ́ kíríkẹ́ẹ̀tì ní Adelaide, ó sì bọ́ sọ́wọ́ Terry Jenner, ẹni tó tọ́ ọ sọ́nà fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ korò. Oṣù kìíní 1992, ní Sydney, Íńdíà kó rọ́ọ̀nù (àmì ayò) 150 lórí rẹ̀. Ravi Shastri nìkan ló lé jáde, Shastri sì ti ní 206 kó tó jáde. Ní Adelaide, wọ́n kó 78, kò rí ẹnì kan mú. Oṣù kẹjọ ọdún yẹn ní Colombo, Sri Lanka kó 107 sí i, kò tún rí ẹnì kan mú. Ẹ rò ó pọ̀: rọ́ọ̀nù 335, wíkẹ́ẹ̀tì kan. Nínú àwọn ilé-ìwé wa láti Ọ̀yọ́ dé ìhín, ta ni yóò tún gbé bọ́ọ̀lù lé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́? Allan Border, balógun ikọ̀ Ọsirélíà, gbé e lé e lọ́wọ́ nínú ìdíje Colombo yẹn kan náà, nígbà tí ọ̀ràn náà le jù lọ. Sri Lanka ń wá 181 láti borí. Warne lé àwọn mẹ́ta tó kẹ́yìn jáde láì fún wọn ní rọ́ọ̀nù kankan, Ọsirélíà sì fi rọ́ọ̀nù 16 borí. Kí ọdún náà tó parí, ó gba wíkẹ́ẹ̀tì méje fún rọ́ọ̀nù 52 lọ́wọ́ West Indies ní Melbourne.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wo ọwọ́ rẹ̀. Bọ́ọ̀lù àwọn ọkùnrin máa ń wọ̀n tó gíráàmù 156 sí 163. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 13, ẹ fún un ní èyí tó jẹ́ 133 sí 144, torí ńlá yẹn yóò fa ìka rẹ̀ ya, ọmọ náà yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi èjìká tì í dípò kó yí i. Gbé bọ́ọ̀lù lé ọwọ́ ọ̀tún kí ojú rírán rẹ̀ dábùú àwọn ìka. Ìka ìfábẹ̀lá àti ìka àárín wà lókè, oríkèé wọn tó sún mọ́ èékánná lé ojú rírán. Ìka òrùka àti ọmọńdinrín ká kò sí ìsàlẹ̀, kí ẹ̀gbẹ́ ìka òrùka fara ti ojú rírán dáadáa, torí òun gan-an ló ń ṣe iṣẹ́. Àtàńpàkò kàn fara kàn án ni. Kí àlàfo díẹ̀ wà láàrin bọ́ọ̀lù àti àtẹ́lẹwọ́.

Ká ọrùn-ọwọ́ wọlé. Warne kì í sáré wá jù ú. Ìrìn pẹ̀lẹ́ ló ń rìn, á wá fi agbára ìgbésẹ̀ méjì tó kẹ́yìn yí ara. Ní àkókò ìjùsílẹ̀, ọrùn-ọwọ́ á ṣí, ìka òrùka á fa ojú rírán láti ọ̀tún lọ sí òsì, àtẹ́lẹwọ́ á sì parí sí kíkọjú sí ilẹ̀. Ẹni tó bá fún bọ́ọ̀lù pọ̀ jù, ọrùn-ọwọ́ rẹ̀ á gan, bọ́ọ̀lù á lọ tààrà. Ẹni tó bá bẹ̀rù, tó dẹ apá kó lè jù ú bó ṣe yẹ, tirẹ̀ á kúrú, wọ́n á sì gbá a dé ààlà pápá. Ẹni tí ara rẹ̀ bá ṣubú sí òsì kí bọ́ọ̀lù tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ kò ní mọ ibi tí yóò balẹ̀. Nínú gbogbo àṣìṣe wọ̀nyí, dídẹ apá ló burú jù, torí ẹ̀rù ló ń fà á, ẹ̀rù náà sì sábà máa ń wá láti ẹnu olùkọ́ tó ń pariwo.

Bọ́ọ̀lù tó ń pòòyì gidi ń ti afẹ́fẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, afẹ́fẹ́ náà á sì tì í sí òdì kejì. Ìdí nìyẹn tí leg-break fi ń yà sí ọ̀tún ajubọ́ọ̀lù lójú òfurufú, tó sì máa ń já wálẹ̀ kí oníbáàtì tó retí rẹ̀, kó tó wá balẹ̀ kó sì ṣẹ́rí sí òsì. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Mike Gatting, oníbáàtì Gẹ̀ẹ́sì, nìyẹn ní pápá Old Trafford, ọjọ́ 4 oṣù kẹfà 1993. Bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ tí Warne jù sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nínú ìdíje Ashes ni, ìyẹn ìdíje Test láàrin Ọsirélíà àti Gẹ̀ẹ́sì. Ó yà kúrò níwájú igi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí oníbáàtì ń ṣọ́, ó balẹ̀ lẹ́yìn ẹsẹ̀ Gatting, ó ṣẹ́rí kọjá báàtì, ó sì kan orí igi tó jìnnà jù sí ibi tó balẹ̀. Igi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pa pọ̀ kò fẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 23 lọ, bọ́ọ̀lù náà sì yí ju ìyẹn. Gatting dúró, ó ń wo ilẹ̀.

Àwọn bọ́ọ̀lù yòókù kò pọ̀ tó bí Warne ṣe ń polówó wọn. Top-spinner ń lọ tààrà ó sì ń ta sókè. Googly ń yí sí òdì kejì, ẹ̀yìn ọwọ́ ló ti ń jáde. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ èjìká ní 1998, Warne kò fi bẹ́ẹ̀ jù ú mọ́. Flipper ni a ń fi àtàńpàkò àti ìka méjì ta jáde bí ẹni ta èékánná, ó ń yí sẹ́yìn, kì í ga nílẹ̀; òun ló fi lé Richie Richardson ti West Indies jáde ní Melbourne. Ẹ má kọ́ ọmọ ní èyíkéyìí nínú wọn kí leg-break rẹ̀ tó dúró. Googly ní pàtàkì máa ń ba ọrùn-ọwọ́ jẹ́: ọmọ tó bá yára kọ́ ọ, ó lè ṣòro fún un láti rí leg-break rẹ̀ mọ́.

Fún ìdánrawò nílé, ọsàn tó tó bọ́ọ̀lù ní ńlá ló dára jù, ó sì wà lọ́pọ̀ lọ́jà. Ẹ máa fi ìka òrùka yí i láti ọwọ́ ọ̀tún sí ọwọ́ òsì, ẹ jókòó ṣe é. Tó bá di orí ilẹ̀, ẹ wọn ẹsẹ̀ bàtà 66 láti igi dé igi. Ilẹ̀ pupa wa níhìn-ín ń mú bọ́ọ̀lù dáadáa, àmọ́ ẹ ṣa òkúta kúrò, kí ẹ sì wọ́n omi sí i lálẹ́ nígbà ọyẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ eruku á bo gbogbo rẹ̀, bọ́ọ̀lù á sì máa yọ̀. Sìmẹ́ńtì láìsí ẹní lórí rẹ̀ kò dára fún apòòyì: kì í mú bọ́ọ̀lù, ó sì ń bó awọ rẹ̀. Ẹ fi aṣọ pélébé sílẹ̀ ní bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá síwájú oníbáàtì, kí ọmọ máa lé e. Tí awọ ìka òrùka bá ti ń pọ́n, ẹ dúró. Warne fúnra rẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ lórí ìka yẹn ní 1996.

Ohun tó tẹ̀ lé e nínú ìgbésí ayé rẹ̀ pọ̀. Ní 1999, ó gba wíkẹ́ẹ̀tì mẹ́rin lọ́wọ́ Gúúsù Áfíríkà nínú ìpele tó ṣáájú àṣekágbá Ife Àgbáyé, ó tún gba mẹ́rin lọ́wọ́ Pakístánì nínú àṣekágbá náà ní pápá Lord's. Ní 2003, wọ́n fòfin dè é fún ọdún kan nítorí oògùn tó ń fa ìtọ̀, èyí tó lè bo oògùn mìíràn mọ́lẹ̀. Ó ní ìyá òun ló fún òun lò. Ẹ̀bi rẹ̀ ni, torí eléré tó bá gbé oògùn mì láì béèrè lọ́wọ́ dókítà ikọ̀ ti fi ara rẹ̀ wéwu. Ó padà ní 2004, ó gba wíkẹ́ẹ̀tì 26 nínú ìdíje mẹ́ta ní Sri Lanka. Ní 2005, Ọsirélíà pàdánù Ashes, síbẹ̀ òun gba 40. Ọjọ́ 26 oṣù kejìlá 2006 ni wíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ pé 700, Andrew Strauss ti Gẹ̀ẹ́sì ló lé jáde. Kò darí ikọ̀ Test Ọsirélíà rí, àmọ́ ní 2008 ó darí Rajasthan Royals gba IPL (líìgì kíríkẹ́ẹ̀tì Íńdíà) àkọ́kọ́. Àrùn ọkàn pa á ní Koh Samui, Thailand, ọjọ́ 4 oṣù kẹta 2022, ẹni ọdún 52.

Ẹ̀yin balógun ikọ̀ ilé-ìwé, ọwọ́ yín ni ìyókù wà. Nígbà tí ọmọ apòòyì bá gba bọ́ọ̀lù, ẹ fi ẹnì kan sí ẹ̀gbẹ́ ẹni tó ń dúró lẹ́yìn igi mú bọ́ọ̀lù, láti mú èyí tó bá fara kan ẹ̀gbẹ́ báàtì, kí ẹ sì fi ẹlòmíràn sí ààlà pápá lápá ẹsẹ̀ oníbáàtì, kí bọ́ọ̀lù kúkurú kan má baà sọ ọmọ di aláìnígboyà. Bí wọ́n bá gbá rọ́ọ̀nù mẹ́rin lẹ́ẹ̀mejì nínú ófà (bọ́ọ̀lù mẹ́fà) kan, ẹ má gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ bi í léèrè ibi tó fẹ́ kí àwọn ará pápá dúró sí, kí ẹ tò wọ́n bó ṣe wí, kí ẹ sì fún un ní ófà mìíràn.