Kí Wáyà Fídíò Tó Kan IC

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀rọ mànàmáná ní Ilé-Ifẹ̀. Mo ti yọ ibi tí jẹnẹrétọ̀ ti kú kúrò, mo fi àwàdà sílẹ̀.

Ẹ kú ìjókòó. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fara pamọ́ sẹ́yìn, ẹ súnmọ́ iwájú, oscilloscope yìí, ẹ̀rọ tó ń ya fóltì bí ìlà sójú rẹ̀, ò ní bù yín jẹ.

Fóltì 1 péré ló ń jáde láti ihò yẹ́lò tó wà lẹ́yìn ẹ̀rọ téèpù, láti ìsàlẹ̀ pátápátá dé òkè. Àwòrán kó 0.7 nínú rẹ̀, 0.3 tó kù nísàlẹ̀ ni ti sync, òun ló ń ké sí tẹlifíṣọ̀n pé ìlà kan ti parí, kó bọ́ sórí òmíràn. Nínú PAL, ìlànà tẹlifíṣọ̀n tí a ń lò ní Nàìjíríà, ìlà 625 ló para pọ̀ di àwòrán kan, àwòrán 25 sì ń kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ fúnra yín: ìlà 15,625. Nǹkan tó ń sáré báyìí kì í fẹ́ kí wọ́n ṣe òun ṣákálá.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí résísítọ̀ óòmù 75, ẹ̀yà kékeré tó ń dín iná kù, tó ń jókòó sí ìpẹ̀kun wáyà fídíò. Àwọn tó ti gbọ́ mi rí ti ń rẹ́rìn-ín, ẹ máa rín in. Kí iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV tó gbé àwòrán jáde n'Ìbàdàn lọ́dún 1959 ni 75 yẹn ti wà nínú iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n, síbẹ̀ òun ni ọmọ iléèwé kọ́kọ́ ń gbàgbé. Ẹ̀rọ tó ń rán fídíò ní 75 nínú tirẹ̀, wáyà jẹ́ 75, ibi tó ń lọ náà gbọ́dọ̀ jẹ́ 75. Fóltì 2 ni ẹ̀rọ náà gbé dání ní tòótọ́. Òun àti résísítọ̀ yín ni wọ́n jọ pín in tó fi di 1. Ẹ wò ó. (Mo fi ẹ̀mú kékeré fa résísítọ̀ náà yọ lórí pátákó.) Ṣé ẹ rí bí ìlà aláwọ̀ ewé yẹn ṣe fò di ìlọ́po méjì? Tẹ́ ẹ bá wá fi méjì síbẹ̀, nítorí pé ọ̀kan ti wà nínú mọ́nítọ̀ tẹ́ ẹ so mọ́ ọn, 0.67 lẹ ó bá. Sync tó yẹ kó jẹ́ 0.3 á ṣẹ́kù 0.2, àwòrán á ṣókùnkùn. Nínú wáyà gígùn, tí ẹnu méjèèjì ò bá bá a mu, fídíò á kọlu ìpẹ̀kun, á padà, á tún wá bíi gbohùngbohùn, òjìji á sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú èèyàn.

Àwọn kan wà, mi ò dárúkọ ẹ̀ka wọn, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń kọ́, tí wọ́n máa ń ní "sọ́fítíwíà á tún un ṣe." Ohun tí kò bá wọlé dáadáa, kí ni sọ́fítíwíà fẹ́ mú tún ṣe?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti bá LM1881 ṣiṣẹ́ mọ ojú rẹ̀: IC, ìyẹn èérún ẹ̀rọ kékeré, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ tó ń ya sync kúrò lára àwòrán. Ẹsẹ̀ kejì ni fídíò ń gbà wọlé, kàpásítọ̀ 0.1 máíkírò-fárádì, tó ń jẹ́ kí ìyípadà kọjá ṣùgbọ́n tó ń dá fóltì tó dúró sójú kan dúró, sì ń dúró lójú ọ̀nà kí IC lè fúnra rẹ̀ pinnu ibi tí ìsàlẹ̀ sync máa jókòó sí. Iwájú kàpásítọ̀ ni 75 máa wà. Tó bá bọ́ sẹ́yìn rẹ̀, òun, kàpásítọ̀ àti 75 inú ẹ̀rọ tó ń rán fídíò á pawọ́ pọ̀ máa jẹ ohun tó bá relẹ̀ ju nǹkan bí 10,600 Hz (ìgbà ní ìṣẹ́jú àáyá) lọ. Àwòrán yín sì rèé, 25 péré! Ẹsẹ̀ kẹfà gba résísítọ̀ 680 kílò-óòmù àti kàpásítọ̀ 0.1 míì. Ó tán.

Alága ti ń fi aago hàn mí. Timecode, nọ́ńbà àkókò tí wọ́n ń kọ mọ́ àwòrán kọ̀ọ̀kan lórí téèpù, kíákíá: oríṣi méjì ni, LTC àti VITC. LTC jẹ́ ohùn, ipa ohùn lórí téèpù ló ń gbà. Bit (0 tàbí 1) 80 fún àwòrán kan, 2,000 ní ìṣẹ́jú àáyá. Ẹ gba inú comparator, IC tó ń fi fóltì méjì wéra, bíi LM393 kọjá, ẹ dá díẹ̀ nínú ohun tó ń jáde padà sẹ́nu rẹ̀ kí ariwo má baà rú u lójú, ẹ má gbàgbé résísítọ̀ tó ń fa ẹsẹ̀ tó ń gbé èsì rẹ̀ jáde lọ sókè...

Ibẹ̀ ni bàbá kan tó ti bá téèpù Betacam ṣiṣẹ́ tipẹ́ na ọwọ́. "Ọ̀gá, tí wáyà LTC méjèèjì bá yí sódì ńkọ́? Tí téèpù náà bá ń sáré padà sẹ́yìn ńkọ́?"

Ẹ ṣeun, bàbá, ẹ ti da ètò mi rú. Kí wáyà yí sódì ò ní nǹkan ṣe: ìyípadà fóltì ni ẹ̀rọ tó ń ka LTC ń kà, kì í wo òkè tàbí ìsàlẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ bit kọ̀ọ̀kan ní ìyípadà kan. 1 tún ní òmíràn láàárín, 0 ò ní. Ti ẹ̀yìn náà rọrùn, nítorí bit 16 tó parí àwòrán kọ̀ọ̀kan, 0011111111111101, ò rí bákan náà níwájú àti lẹ́yìn. Ibi tó ti ń bàjẹ́ ni pé téèpù tó ń sáré ń gbé LTC sókè fíofío, kàpásítọ̀ tẹ́ ẹ fi ń pa ariwo á sì pa òun náà pọ̀.

Bàbá ní, "Tó bá dúró sójú kan wá ńkọ́?" LTC á dákẹ́. VITC nìkan lẹ lè kà nígbà náà, nítorí inú fídíò gan-an ló ń gbé, nínú àwọn ìlà tí ojú kì í rí lókè àwòrán. Ẹ gba sync tó ń jáde lẹ́sẹ̀ kẹta LM1881, ẹ fi ti ẹsẹ̀ kìíní ka ìlà títí ẹ ó fi dé ibi tí VITC wà, kí comparator wá pín funfun àti dúdú láàárín. Àárín yẹn ò ní bọ́ sí i bí fóltì 1 yín bá ti di 2. Ẹ wá bi àwọn ọ̀rẹ́ wa oní-sọ́fítíwíà pé níbo ni 75 wọn wà.

Alága ní kí n jókòó.